Mosún, Nítorí Iṣẹ́ Rẹ Tí O Fẹ́ Ṣí Sílẹ̀

Agbowó, Ìbàdàn.
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Mosúnmọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ara wa le níbí, màmá rẹ náà ń kí ọ. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kò wú mọ́? Ṣé ọmọ inú rẹ ń yí dáadáa? Kí ọkọ rẹ fún mi. Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín pé Agbowó sí ọ̀dọ̀ yín ní Challenge kò jìnnà tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fẹ́ bá ọ sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni o sì wí pé, "Bàámi, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀," tí o gbé báàgì rẹ. Mo wá rò ó pé lẹ́tà ló dáa. Bí inú bá bí ọ, o lè gbé e sílẹ̀ kí o mu omi, kí o sì padà sídìí rẹ̀.

Kí n tètè sọ èyí tó burú jù kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po. Lánàá, mo lọ rí Ọ̀gbẹ́ni Olútóyè, ọ̀gá rẹ, ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ring Road. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí o bá mú ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà yẹn wá síwájú wọn ní Ọjọ́ Ajé, kí wọ́n má gbà fún ọ.

Mo mọ̀ pé o ti dìde. Jọ̀wọ́, jókòó, ọmọ mi. Nítorí oyún oṣù márùn-ún yẹn, jókòó.

Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀ sà! Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, pé mo kàn ní kí n yà kí i ni. Ó ní kí wọ́n mú mọ́ọ̀tì tútù wá fún mi. Mo kí i títí ọ̀rọ̀ kíkí fi tán lẹ́nu mi, mo wá sọ ohun tí mo bá wá. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí mo parí, ó fara ti àga, ó ní:

"Bàbá, ṣé òun ló rán yín ni?"

"Rárá o! Kò mọ̀ pé mo wá rárá."

"Nítorí mo ti ń rò ó pé bóyá ọkàn òun fúnra ẹ̀ ò balẹ̀. Ó dáa náà. Bí ẹni tó bí i ò bá fọkàn tán ọ̀rọ̀ yìí, kí lẹ fẹ́ kí àwa tá a gbà á síṣẹ́ ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ yín wúlò, sà. Màá fi sọ́kàn di Ọjọ́ Ajé."

Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé wálé. Mo ti rò pé mò ń dáàbò bò ọ́, mo sì ti fún un ní ohun tí ó máa sọ lù ọ́ níwájú àwọn ọ̀gá tó kù. Nígbà tí mo sọ fún màmá rẹ, ó jọ̀wọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà. Ó ní, "Ẹ ṣe kí ni? Bàbá Mosún, ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni Mosún ni, tẹ́ ẹ fi lọ bá tíṣà rẹ̀?" Títí ilẹ̀ fi mọ́ lónìí, "ẹ kú ìjókòó" nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé mi, kí o lè mọ ibi tí mo ti ṣì í gbọ́. Ilé-iṣẹ́ oògùn yín ní ẹ̀ka mẹ́rin: Ring Road, Dùgbẹ̀, Ẹlẹ́yẹlé àti Bódìjà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà, ó sì ní ẹni tó kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń tẹ̀lé, láti fi mọ oògùn tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bàjẹ́. Ìwọ lo kọ ti Ring Road. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn rí tirẹ̀. Àṣìṣe tí Dùgbẹ̀ ti rí, tí wọ́n sì ti ṣàtúnṣe rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Ẹlẹ́yẹlé ṣì ń bá a wọ̀dìmú lónìí. Ìwọ wá kà nínú ìwé kan tí ọ̀rẹ́ rẹ ní Yunifásítì yá ọ pé àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń gbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ síta láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, kí ó tún ibi tó wọ́ ṣe, kí ó sì dá àtúnṣe rẹ̀ padà fún wọn. O ní bí ilé-iṣẹ́ yín kò bá tilẹ̀ fẹ́ kí ará ìta rí tiyín, ẹ lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ara yín: ètò kan ṣoṣo fún ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí gbogbo yín máa kà á, kí gbogbo yín máa tún un ṣe, kí ẹ máa fi díìsì, pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí, gbé e láti ẹ̀ka kan dé òmíràn. O ní tìrẹ ni wàá kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀.

Bí o ti sọ bẹ́ẹ̀ ni àyà mi ti já. Mo rò ó pé bí gbogbo wọn bá ti mọ ohun tí o mọ̀ tán, wọ́n á ní kí o lọ máa tọ́jú ọmọ rẹ nílé. Mo rò ó pé ẹnìkan ní Ẹlẹ́yẹlé lè yí ìlà kan padà, kí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá wá máa dà bí èyí tó dáa, kí wọ́n fún ọmọ kan mu. Wọ́n á ṣí òkè ètò náà, orúkọ tí wọ́n á bá níbẹ̀ ni Mosúnmọ́lá. Èyí kejì yìí gan-an ló gbé mi dé Ring Road.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mu mọ́ọ̀tì ọkùnrin yẹn, ohun tí mi ò fẹ́ rántí ló ń padà wá bá mi. O mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Dùgbẹ̀ kí a tó bí ọ. O ò mọ ìdí tí mo fi kúrò níbẹ̀. Mo sọ fún gbogbo yín pé ojú ló ń dùn mí. Irọ́ ni mo pa.

Jẹ́ kí n kà wọ́n ní oókan-eéjì, kí n má baà sá fún èyíkéyìí nínú wọn.

Èkíní. Nígbà yẹn, ọwọ́ la fi ń to lẹ́tà. Òjé ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré bí eyín ọmọdé. Inú àpótí tí wọ́n pín sí yàrá wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gbé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ iṣẹ́ náà, níbikíbi tó bá ti kọ́ ọ, lè nawọ́ mú lẹ́tà láìwo àpótí. Èmi tí mo jáde ìwé gírámà, tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé, mo tún àpótí tèmi tò lọ́nà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ yàrá tí lẹ́tà wà. Àwọn lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì nísàlẹ̀, tí kò pọ̀ nílé-iṣẹ́ wa, mo kó wọn sínú agolo bisikíìtì, mo sì tì wọ́n mọ́ inú tábìlì mi. Bí iṣẹ́ Yorùbá bá ti dé, èmi nìkan ni. Ọ̀gá wa a máa sọ pé, "Láìsí Akọ̀wé, a ti kú." Orí mi a sì wú.

Ibà wá dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wà lórí ẹní, mò ń retí kí wọ́n wá bẹ̀ mí. Ẹnikẹ́ni ò wá. Nígbà tí mo padà, mo bá àpótí tuntun lórí tábìlì àti lẹ́tà Yorùbá tuntun, pẹ̀lú ọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta tó ń to lẹ́tà tó sì ń súfèé. Ọ̀gá ní, "Akọ̀wé, ara ti le? Má bínú o, a ò mojú àpótí rẹ ni."

Mo ti fi iṣẹ́ pamọ́ kí wọ́n má baà lè ṣe é láìsí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fi rí ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, kọ bí ètò rẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, lédè tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè lóye. Má fi ibì kankan sínú orí rẹ nìkan. Bí o bá lọ bímọ, kí ẹlòmíràn lè bá ọ gbé e títí wàá fi padà. Ẹni tí wọ́n bá ń rántí pé ó kọ́ àwọn, wọ́n á fẹ́ kó padà. Èmi, ìtura ni àìsàn mi jẹ́ fún wọn.

Èkejì ni ti Làmídì. Ará Ìsẹ́yìn ni, òun ló ń gé ìwé fún wa lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán. Kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Àṣà ilé ìtẹ̀wé ni pé bí èèyàn bá to iṣẹ́ tán, wọ́n á tẹ ẹyọ kan wò, ẹlòmíràn á máa ka ti oníbàárà sókè, ẹni tó tò ó á máa fojú bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ará Abẹ́òkúta dé, mo pa àṣà yẹn tì. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ rí àṣìṣe mi kí wọ́n sì fi mí wé ọkùnrin yẹn. Èmi nìkan ni mò ń ka iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, Làmídì mú ìwé ìpè ìgbéyàwó kan wá bá mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ wò ó, ẹ ti fi orúkọ ìyàwó síbi tó yẹ kí ti bàbá rẹ̀ wà. Ṣé wọ́n fẹ́ kí ó fa ara ẹ̀ fọ́kọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe. Nígbà tí ọ̀gá dé, mo sọ lójú Làmídì pé, "Mo rí àṣìṣe kan níbẹ̀ sà, mo ti tún un ṣe." Ọ̀gá yìn mí. Làmídì wò mí, ó padà sídìí ọ̀bẹ rẹ̀.

Ìgbà kejì tó mú òmíràn wá, ará Abẹ́òkúta wà níbẹ̀, ojú tì mí. Mo jágbe mọ́ ọn: "Làmídì, ọ̀bẹ ni wọ́n gbà ọ́ fún. Ìwọ gé ìwé, èmi á kà á." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, Ọ̀gá Akọ̀wé. Mo ti gbọ́."

Ìgbà kẹta ni ọ̀ràn ńlá ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń po oògùn ikọ́ ní Mọ́kọ́lá gbé ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò wá, oríṣi méjì, ti àgbà àti ti ọmọdé. Mo to ti àgbà, a tẹ̀ ẹ́ tán. Dípò kí n tú gbogbo lẹ́tà rẹ̀ palẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ ti ọmọdé láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, mo kàn yọ orúkọ oògùn, mo fi ti ọmọdé rọ́pò rẹ̀, kí n lè yára ju ará Abẹ́òkúta lọ. Mo gbàgbé láti yọ ìlà tó sọ iye tí wọ́n máa mu. Ṣíbí ìjẹun méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Fún ọmọ ọwọ́! A tẹ̀ ẹ́, Làmídì gé e, ó dì í, ọkùnrin náà gbé e lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo rí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù lábẹ́ àpótí mi. Mo sáré láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Èmi àti olóògùn náà jókòó, à ń ha ìwé kúrò lára ìgò. Ṣùgbọ́n páálí méjì ti lọ sóko pẹ̀lú àwọn tó ń kiri oògùn, kò sì mọ ìlú tí wọ́n gbà.

Nígbà tí mo padà, mo bi Làmídì. Mo ní, "Ṣé o ò rí i ni?"

Ó ní, "Mo rí i."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ní ọ̀bẹ ni wọ́n gbà mí fún."

Mosún, mi ò gbọ́ pé ọmọ kankan kú. Mi ò sì gbọ́ pé kò sí èyí tó kú. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Títí dòní, bí ọmọdé bá wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń wẹ̀yìn. Nígbà tí ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ wà ní kékeré, mo máa ń gba ìgò oògùn lọ́wọ́ màmá yín, mo máa kà á ní àkàtúnkà kí n tó jẹ́ kí ó fún yín. Ẹ máa ń sín mi jẹ. Mo ń jẹ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo wá rí lánàá nìyí. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí fún ọ, pé kí ọmọ kan má ti ọwọ́ iṣẹ́ rẹ jìyà, tèmi ṣẹlẹ̀ nítorí pé mo ti iṣẹ́ mi pa mọ́ ojú àwọn ẹlòmíràn. Mo sì lọ bẹ ọ̀gá rẹ pé kí ó fi ọ́ sí irú ipò tí mo fi ara mi sí.

Má rò pé ẹ̀rù ti kúrò lára mi o. Ó wà níbẹ̀. Nítorí náà gbọ́ ìwọ̀nba tí mo lè rí sí i. Mi ò ní kà wọ́n mọ́.

Jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ka kà á, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí àtúnṣe kankan wọlé kí ìwọ àti ẹnìkan mìíràn tó ti kà á. Kí àtúnṣe tìrẹ náà wà lábẹ́ òfin yẹn. Bí o bá kọ ohun kan tí ara rẹ yá gágá sí, kí ẹlòmíràn kà á kó tó wọlé. Máa tọ́jú ti àná kí o tó gba tòní wọlé, kí ẹ lè rí ibi padà sí bí tòní bá bàjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún nǹkan ṣe, kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gan-an, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń gbá ilé. Bí o kò bá gba àtúnṣe ẹnìkan wọlé, sọ ìdí rẹ̀ fún un pẹ̀lú ẹnu tútù, kí ó lè tún wá lọ́la.

Èyí tó tún ń dẹ́rù bà mí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. O sọ fún mi pé ọkùnrin tó kọ ètò ti Ẹlẹ́yẹlé ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ṣé o rò pé ó máa jókòó kí ọmọbìnrin kan sọ fún un níwájú àwọn ọ̀gá pé iṣẹ́ rẹ̀ wọ́? Àwọn òyìnbó inú ìwé rẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wọn. Níbí, ó máa di ìjà, tàbí kí àwọn kékeré máa rí àṣìṣe kí wọ́n sì dákẹ́ bíi Làmídì. Ẹ ní ìwé kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó rí sí, kí ọmọdé má baà ní láti wo ojú àgbà sọ ọ́. Kí Ọjọ́ Ajé tó dé, lọ rí ọkùnrin yẹn. Má ránṣẹ́ sí i, fẹsẹ̀ ara rẹ lọ. Kúnlẹ̀ kí i, oyún tàbí kò sí oyún. Fi tìrẹ hàn án, kí o sì nawọ́ sí ibi tí o mọ̀ pé ó wọ́ nínú rẹ̀. Sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó." Bí ó bá ti tún tìrẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan, kò ní lè sọ pé òun ò mọ̀ nípa rẹ̀, ó sì lè ṣí tirẹ̀ láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́.

Bí o bá sì dúró níwájú wọn, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkè òkun. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe Dùgbẹ̀ tí Ẹlẹ́yẹlé ṣì ń bá jà. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fọwọ́ sí i, kí ó má baà jẹ́ ọrùn rẹ nìkan ni ó wà lórí tábìlì.

Ó ku ohun tí mo bà jẹ́. Mo ti kọ lẹ́tà mìíràn sí Ọ̀gbẹ́ni Olútóyè, ó wà nínú èyí. Mo sọ fún un pé o kò rán mi, pé ẹ̀rù arúgbó ni mo gbé wá bá a, kì í ṣe ìmọ̀, àti pé mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo kọ ọ́, mo ya á, mo tún un kọ. Màmá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí, ó kà á, ó ní, "Ìlà kẹta yìí dà bí ìgbà tẹ́ ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún olè." Ó pa á rẹ́, ó kọ tirẹ̀ sórí ẹ̀. Ó wù mí kí n bá a jà. Nígbà tí mo kà á, tirẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, kí o lè mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Òun ló máa gbé e wá fún ọ lọ́la, yóò sì jókòó dè ọ́. Mú báírò, kí o ka lẹ́tà ti Ọ̀gbẹ́ni Olútóyè náà. Ibi tí mo ti bẹ̀rù jù, pa á rẹ́. Ibi tí o bá rí i pé mo tún ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwọ kò tíì dàgbà, kọ tìrẹ síbẹ̀. Fún ọkọ rẹ náà kí ó wò ó. Ohun tí ẹ bá jọ fi ẹnu kò sí ni màá dà kọ sórí ìwé tó mọ́, tí màá fọwọ́ sí, tí màá sì fi ẹsẹ̀ ara mi gbé lọ sí Ring Road kí ó tó di Ọjọ́ Ajé. Bí o bá sì rò pé kí a má fi ránṣẹ́ rárá, pé ìwọ fúnra rẹ ló máa bá a sọ ọ́, ya á. Inú kò ní bí mi.

Mi ò tíì gbé iṣẹ́ mi fún ẹnikẹ́ni kí ó tún un ṣe rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Mo ti fi í sínú àpòòwé yìí. Mi ò lẹ̀ ẹ́.

Kí Olúwa sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Èmi bàbá rẹ, ní Agbowó, tí ń retí àtúnṣe rẹ.